Oyin Orí Àtàǹpàkò

Bí ẹ bá bi ará ìta pé báwo ni àwọn ọmọbìnrin ọba ṣe ń gbé, á ní wúrà ni wọ́n fi ń bọ́jú. Irọ́ gbuu ni. Ní ilé ìyá àgbà Askale, tí wọ́n ń fi oyè ìdílé ọba pè ní Emebet-Hoy, ní ìsàlẹ̀ òkè Entoto, omi kànga tó tutù bíi yìnyín ni wọ́n fi ń bọ́jú, nítorí ìyá àgbà náà gbà pé omi gbígbóná a máa sọ ọmọbìnrin di ọ̀lẹ. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Sebele àti Mahlet, kì í kọjá ẹnu géètì láìgba àṣẹ. Sebele, ẹni ọdún mọ́kànlélógún, ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ní ẹ̀jẹ̀ ọba kì í di ọwọ́ ọkọ̀ mú lójú títì kí ará ọjà máa wò ó. Nítorí náà, lọ́sàn-án gbogbo, tí wọ́n bá ti mu kọfí tán, Sebele á gbé ọkọ̀ dúdú àtijọ́ tó jẹ́ ti bàbá wọn tó ti kú jáde, á máa wà á yí igi gíga kan ká láàárín ọgbà, títí òòyì á fi máa kọ́ àwọn adìyẹ.

"Mo ti dé Jerúsálẹ́mù," ni ó máa ń pariwo láti ojú fèrèsé ọkọ̀. "Tí mo bá tún yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí i, mo ti wọ Róòmù nìyẹn. Mahlet, kí ni kí n rà bọ̀ fún ọ?"

Mahlet kò bèèrè ohunkóhun ní Róòmù. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ohun kan ṣoṣo ló sì ń fẹ́ láyé yìí: kí Alganesh di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má lè mú un lọ.

Alganesh ni ọmọ Wubalem, alásè ilé náà. Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá Mahlet kú sí. Wubalem tó ti bí ọmọ tirẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú ló gba ọmọ tuntun náà mọ́ra, ó sì gbé àwọn méjèèjì sí ọmú lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì. Wọ́n jọ dàgbà, wọ́n jọ jí oyin jẹ, wọ́n jọ ń fi bọ́tà pa irun ara wọn nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n tí agbọ̀n injera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń jẹ, bá ti balẹ̀, Mahlet á jókòó, Alganesh á sì gbé kẹ́tùlù wá, á máa da omi sí i lọ́wọ́. Mahlet kò rí i pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ta ló máa ń wo ẹni tó ń da omi síni lọ́wọ́?

Ní ọdún tó ṣáájú ọdún tí gbogbo nǹkan dàrú, ìyá àgbà kéde pé òun ti rí ọkọ fún Alganesh. Ẹni tó ń bójú tó oko wọn ní Menz ni, ọkùnrin tí eyín rẹ̀ kò pé mọ́. Alganesh ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣeyege tán ni, ó fẹ́ lọ sí yunifásítì. Mahlet kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà lówùúrọ̀, ó kúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́, oṣù méjì gbáko.

"Ìyá mi, ẹ fún un ní àtàǹpàkò yín kí ó lá oyin lórí rẹ̀, bí àṣà wa. Tí ẹ bá fún un, ọmọ yín ni. Ta ló máa gbé ọmọ yín lọ sí Menz?"

"Ìwọ ọmọ yìí, eékún rẹ á bó tán."

"Ẹ jẹ́ ó bó."

Ìyá àgbà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó le ni, bíi kọ́kọ́rọ́ tó ti pẹ́ nínú àgádágodo. Nígbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n lọ mú oyin wá láti Gojjam, oyin funfun, kò fẹ́ tinú ìgò.

Ọjọ́ ọdún tuntun ni wọ́n fi í sí. Òdòdó ofeefee ti bo gbogbo òkè, àwọn ọmọdébìnrin ń korin káàkiri ojúlé. Àwọn ẹbí pé sínú gbọ̀ngán, àlùfáà wà níbẹ̀, Sebele wọ bàtà gíga tó ń pa á lẹ́sẹ̀. Wubalem dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́tùlù omi, ojú rẹ̀ ń dán. Ìyá àgbà ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ inú àwo oyin, ó nà án sí Alganesh tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Lá a, ọmọ mi. Láti òní lọ, èmi ni ìyá rẹ. Ilé mi ni ilé rẹ, ẹ̀yà mi ni ẹ̀yà rẹ."

Alganesh wo àtàǹpàkò náà. Ó yí ojú padà, ó wo ẹnu ọ̀nà níbi tí Wubalem dúró sí pẹ̀lú kẹ́tùlù. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò sì ga rárá.

"Ẹ ṣeun púpọ̀, Emebet-Hoy. Mo ní ìyá."

Oyin kán sílẹ̀, ó kán lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá àgbà kò fi ìbínú hàn. Ó fi aṣọ funfun nu ìka rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé kò sí ohun kan tó ṣẹlẹ̀.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ẹ gbé oyin náà padà."

Inú ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ ti wá di iṣu ata yán-an-yàn-an. Wubalem kọ́kọ́ fọ́ ọmọ rẹ̀ létí. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀, ó fi aṣọ bojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Àánú ńlá tó yẹ ká fi orí balẹ̀ gbà! Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n báyìí?"

"Màmá, ẹ̀yin ni mo ṣe é fún."

"Ta ló rán ọ?"

Mahlet já wọlé. "Oṣù méjì ni mo fi bẹ̀bẹ̀! Mo fẹ́ kí o jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, o dójú tì mí lójú gbogbo ayé. O ò fẹ́ mi."

"Mo fẹ́ ọ," ni Alganesh wí. "Ìwọ ni o ò mọ ohun tó o ń bèèrè. Tí mo bá lá oyin yẹn, mo di ọmọ ìyá àgbà rẹ. Ìyá mi ńkọ́? Ọ̀la, ìyá mi á gbé kẹ́tùlù, á máa bu omi sí mi lọ́wọ́. Ìyá mi, Mahlet!"

"Ṣùgbọ́n à bá ti di ọ̀kan."

"Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan lò ń fẹ́, ọ̀nà méjì ló wà. Ọmú ìyá mi lo mu. Ṣé ẹnikẹ́ni wá ní kí o lá àtàǹpàkò rẹ̀ rí? Àbí òkè nìkan ni oyin máa ń gùn?"

Mahlet la ẹnu, kò rí èsì. Ìdí nìyẹn tó fi bínú: ọ̀rọ̀ tí a kò rí èsì rẹ̀ a máa dunni ju èébú lọ. Alganesh di ẹrù rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ gbé ní yunifásítì. Ìyá àgbà fagi lé ìgbéyàwó Menz, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọ náà mọ́. Wubalem ń dáná bó ṣe ń dá a tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í kọrin nídìí ààrò mọ́.

Ọdún náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ń ta káàdì, wọ́n ń ran aṣọ ìyá àgbà, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn Faransé tó ti pé ọdún mẹ́ta kí ó tó kàn wọ́n. Sebele wa ọkọ̀ dé Màdríìdì. Lẹ́yìn ọdún Ìbatisí, àwọn awakọ̀ takisí daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn sójà bá àwọn ọ̀gá wọn jà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú sójú títì, wọ́n ní kí ilẹ̀ di ti ẹni tó ń ro ó. Mahlet dúró lórí àga níbi ògiri ọgbà, ó ń gbọ́ ariwo náà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń tẹ́tí bóyá òun á dá ohùn ẹnìkan mọ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ohùn. Kò dá a mọ̀. Ó sọkalẹ̀, ó lọ mu kọfí.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àwọn sójà ń ka orúkọ àwọn ìjòyè lórí rédíò, pé kí wọ́n wá jọ̀wọ́ ara wọn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn àgbààgbà náà kì í sá. Wọ́n á gbọ́ orúkọ wọn, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọṣọ, wọ́n á sì fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ bá àwọn sójà. Àga tó yí tábìlì ìyá àgbà ká ń ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn bàbá wa ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọn kò sọ bó ṣe máa ń rí fún ẹni tó wà nínú ilé náà nígbà tó ń jó.

Ọdún tuntun tún dé, òdòdó ofeefee tún là. Ní ọjọ́ kejì ọdún ni rédíò sọ pé wọ́n ti yọ ọba. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀, Alganesh gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó ti rù, ó gé irun rẹ̀ kúrú.

Ó kọ́kọ́ kí ìyá rẹ̀, ó wá kọjú sí Mahlet. "Lónìí ni àwọn sójà ń bọ̀. Ẹnìkan tí mo mọ̀ rí ìwé orúkọ wọn. Emebet-Hoy wà nínú rẹ̀, Sebele wà nínú rẹ̀, àti ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ ọmọ ilé yìí. Wọn ò kọ orúkọ tìrẹ."

Wọ́n lọ sọ fún ìyá àgbà. Ó wo Alganesh fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan.

"O ṣeun tó o wá," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ibo ni kí n sá lọ? Àgbà kì í sá lójú ọmọdé." Ó ní kí wọ́n bá òun wá ìwé àdúrà òun.

Sebele fa àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, Wubalem àti Alganesh tẹ̀lé wọn. Kò ṣe àwàdà lọ́jọ́ náà. "Fetí sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ìlú yìí kì í bọ́ ènìyàn. Ará ilé ẹni ló máa ń gbé oúnjẹ wá, ẹni tí kò bá ní ará nílé, ebi ni. Bí àwa mẹ́ta bá wọlé, ta ló máa bọ́ ìyá àgbà? Ìwọ gbọ́dọ̀ wà níta."

"Kí n wá sọ pé èmi kì í ṣe ọmọ yín?"

"Ẹ má wulẹ̀ wò mí," ni Wubalem wí. "Ènìyàn kì í purọ́ nítorí oúnjẹ kó rójú gba ara Olúwa. Tí wọ́n bá fi Ọlọ́run bi mí, òótọ́ ni mo máa sọ." Ó ṣí àpótí, ó gbé àwo oyin Gojjam jáde, èyí tí wọ́n dá padà lọ́dún tó kọjá. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ náà. Ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó nà án sí Mahlet.

"Lá a, kí n lè sọ òótọ́."

Mahlet wo Alganesh. Ó kúnlẹ̀ sínú eérú ilé ìdáná, ó sì lá a. Oyin náà dùn, àlùbọ́sà díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ìgbà tí oòrùn kan àtàrí ni àwọn sójà dé. Wọn kò pariwo. Ọ̀gá wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ lẹ́nu, bọ́ fìlà fún ìyá àgbà, ó ka ìwé rẹ̀, ó wá nawọ́ sí Mahlet tó wọ aṣọ ìdáná.

"Ta ni èyí?"

"Ọmọ mi ni," ni Wubalem wí. "Mo fi Ọlọ́run búra. Ọmú mi ló mu, oyin mi ló lá."

Ọ̀gá náà kọjú sí ìyá àgbà. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ìyá?"

Gbogbo ayé mọ̀ pé Askale kì í purọ́. Kò mọ nǹkan kan nípa oyin ilé ìdáná. Ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo eérú tó wà lórúnkún rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ wí," ni ó dáhùn.

Mahlet kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan lè dunni kó sì tún gbani là lẹ́ẹ̀kan náà. Sebele ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wa ọkọ̀ wa tẹ̀lé yín."

"Ṣé o ní ìwé ìwakọ̀?"

"Rárá. Kí lẹ máa wá ṣe? Ṣé ẹ máa mú mi lẹ́ẹ̀mejì ni?"

Àwọn sójà rẹ́rìn-ín, ọ̀gá wọn náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ìwé àdúrà rẹ̀. "Rọra wà á," ni ó wí, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sebele yí igi náà ká lẹ́ẹ̀kan, bóyá ó ti mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn náà ni ó gba ẹnu géètì jáde sójú títì.

Wọ́n ti ilé náà pa, wọ́n fi èdìdì sí i. Yàrá kan tí Alganesh háyà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sùn sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé agbọ̀n injera lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n. Àwọn obìnrin ti tò síbẹ̀, àwọn tí aṣọ wọn ń tàn àti àwọn tí aṣọ wọn ti gbó. Wọ́dà àgbàlagbà kan tó ní ìwé lọ́wọ́ ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀, ènìyàn á mọ̀ pé ará Gojjam ni.

"Ta lẹ wá wò?"

"Emebet-Hoy Askale àti ọmọ-ọmọ wọn," ni Wubalem wí.

"Kí ni wọ́n jẹ́ sí yín?"

"Mo ti ń dáná fún wọn láti ọgbọ̀n ọdún."

"Alásè kì í ṣe ẹbí. Ẹbí nìkan ni wọ́n ní kí n gbà."

Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n Mahlet pé *ìyá àgbà mi ni*. Wubalem tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ tagbáratagbára, Mahlet sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ohun tó kó o yọ lánàá ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lónìí. Wọ́n gbé agbọ̀n náà padà bó ṣe rí. Ẹni tó ń sọ pé ebi ò ju ebi lọ, kò tíì jẹun yó nígbà tí ìyá rẹ̀ kò rí jẹ.

Nínú yàrá, Wubalem gbé oúnjẹ kalẹ̀. Mahlet dìde, ó gbé kẹ́tùlù, ó da omi sí Wubalem lọ́wọ́, ó da sí Alganesh lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ilé ìdáná ti wá sí i lọ́kàn.

"Ìyá mi," ni ó wí fún Wubalem, ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn, "oyin ṣì kù. Ẹ fi àtàǹpàkò yín ránṣẹ́ sí wọn."

"Sí ta?"

"Sí ìyá àgbà. Bí wọ́n bá lá a, ọmọ yín ni wọ́n. Ẹ ti di ẹbí nìyẹn."

Wubalem fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Kí ilẹ̀ má gbọ́! Àtàǹpàkò tí mo fi ń po ata, kí n nà án sí Emebet-Hoy? Kí àádọ́rin ọdún wá di ọmọ mi?"

"Alganesh ló bi mí bóyá òkè nìkan ni oyin máa ń gùn. Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ yẹn."

"Wọn ò ní lá a," ni Alganesh wí pẹ̀lẹ́. "Mo mọ̀ wọ́n. Èmi pàápàá ò lá tiwọn."

"Ká sáà fi lọ̀ wọ́n," ni Mahlet wí.

Ní ọjọ́ kẹta, Wubalem gbé agolo kékeré kan fún wọ́dà náà. Àmì àtàǹpàkò rẹ̀ wà láàárín oyin náà gedegbe. "Oyin dára fún ikọ́ àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé àtàǹpàkò Wubalem ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n lá a. Bí wọn ò bá fẹ́, kí wọ́n dá a padà, mi ò ní bínú."

Wọ́dà wo agolo, ó wo Wubalem, ó tún wo agolo. Gojjam, ilẹ̀ oyin, ni wọ́n bí i sí, ó mọ àṣà náà. Ó gbé e wọlé.

Wọ́n dúró. Oòrùn kúrò lórí ògiri, ó bọ́ sí ilẹ̀. Mahlet ń rántí gbọ̀ngán ọjọ́ yẹn, oyin tó ń kán sílẹ̀, àti bí ìyá àgbà ṣe nu ìka rẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ oyin rẹ̀ lójú ènìyàn, kí ló máa mú un lá ti alásè rẹ̀?

Wọ́dà jáde. Ó kọ́kọ́ dá àwọn tó wà níwájú lóhùn kó tó kàn wọ́n.

"Ìyá yẹn wò ó títí," ni ó wí. "Mo rò pé á jù ú mọ́ mi. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá náà ní kí n sọ fún Wubalem pé àlùbọ́sà wà nínú oyin náà, ṣùgbọ́n òun ti lá a."

Ó fi agolo hàn wọ́n. Ó mọ́ fónífóní. Wubalem fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀, ó sì sunkún lójú gbogbo ènìyàn, ẹkún tó ti há sí i láyà láti ọdún kan.

Wọ́dà ṣí ìwé rẹ̀. "Ó yá. Kí ni wọ́n jẹ́ sí ọ?"

"Ọmọ mi ni wọ́n," ni Wubalem wí.

"Hẹn-ẹn. Ìwọ ńkọ́?"

"Ọmọ Wubalem ni mí," ni Mahlet wí. "Àbúrò wọn ni mí."

Wọ́dà gbé bírò sókè, ó wo ọmọ ọdún méjìdínlógún tó pe ara rẹ̀ ní àbúrò ìyá àádọ́rin ọdún. Kò rẹ́rìn-ín. Òfin ni òfin, oyin ni oyin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: *àbúrò*. Ó kọjú sí Alganesh, tó dúró lẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tí wọn kò pè.

"Ìwọ tó dúró síbẹ̀ yẹn ńkọ́? Kí ni wọ́n jẹ́ sí ọ?"

Alganesh wo ìyá rẹ̀, ó wo Mahlet. Ó súnmọ́ iwájú, ó di etí kejì agbọ̀n náà mú.

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n eléyìí," ni ó wí. "Èmi náà, àbúrò wọn ni mí."

Wọ́dà kọ ọ́ sí abẹ́ orúkọ Mahlet, ó pa ìwé dé, ó sì ní kí wọ́n gbé agbọ̀n náà wá.